Ẹ̀rọ gaàrí tó sun oorun ọjọ́ márùn-ún ní èbúté

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó náà fún yín, torí owó náà ló ń dùn mí. Láti gbé ẹ̀rọ gaàrí kan ṣoṣo kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde dé erékùṣù wa, mo ná 163,000 náírà, yàtọ̀ sí iye tí a ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Mọ́tò akẹ́rù gba 45,000 nínú rẹ̀. Mi ò bínú sí ìyẹn, ọ̀nà jìn, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n 118,000 tó kù, etí omi ló jẹ ẹ́. Etí omi tí èèyàn lè dúró sí kó máa wo èéfín ẹja tí wọ́n ń yan ní erékùṣù wa lókèèrè.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀dọ̀ wa, erékùṣù kékeré ni, nínú ọ̀sà, lápá ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ìjọba ń pè ní Ogun Waterside, tí oríkò rẹ̀ wà ní Àbígí. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì, mọ́ṣáláṣí kan, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí tíṣà rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ wá, tí kì í wá tí òjò bá ṣú. Àwọn ọkùnrin ń dẹ àwọ̀n, àwọn obìnrin ń yan ẹja, wọ́n sì ń yan gaàrí. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí gbogbo ìlú ò ní mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí ewúrẹ́ bá já àwọ̀n ẹnìkan láàárọ̀, ìyálẹ̀ta ni ẹjọ́ náà á ti dé iwájú Baálẹ̀, ewúrẹ́ náà á sì ti ní agbẹjọ́rò méjì.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń rin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ kú lẹ́yìn Iléyá 2024. Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí òdìkejì omi, wọ́n á rin ín, wọ́n á tún gbé e padà. Àwọn tí agbára wọn ò gbé e mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra gaàrí jẹ. Màámi ló pè mí lórí fóònù pé òun ra gaàrí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú, pé ojú ti òun débi pé alẹ́ ni òun lọ rà á.

Àwa ọmọ ibẹ̀ tí a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Èkó dáwó. Àwa 58 san 12,000 lórí, ó di 696,000. Àwọn tí kò san mọ ara wọn. Èmi ni akápò. Ẹ̀rọ díísù tí a rà jẹ́ 540,000, páànù àti irin tó ń rin ẹ̀gẹ́ tí wẹ́dà bá wa ṣe jẹ́ 130,000. Ó ku 26,000 fún kíkó. A rò pé owó á ṣẹ́ kù. Alága wa tiẹ̀ ti dábàá pé kí a fi ìyókù ra ọtí fún Baálẹ̀.

Bí mo ṣe ra ẹ̀rọ náà, mi ò ní fi ìyẹn gbà yín lákòókò. Ẹ mú ẹni tó mọ ẹ̀rọ dání, kí wọ́n tan án lójú yín, kí ẹ gba ríséètì. Ó tán. Èbúté ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé ibẹ̀, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ ọ́ lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, a ti fẹnu kò sí 18,000. Ó dé, ó wo ẹ̀yìn mọ́tò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi pé ilé lẹ fẹ́ gbé."

Mo ní ẹ̀rọ ni mo sọ. Ó ní ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ni òun gbọ́. Ẹ̀rọ tiwa, àwọn tó tà á fún wa sọ pé ó tó nǹkan bí 300 kílò, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin ńlá méjì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní ṣebí èèyàn 12 ni ọkọ̀ rẹ ń gbé, èèyàn 12 ò ha wúwo ju èyí lọ bí? Ìdáhùn tó fún mi, mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: èèyàn máa ń jókòó káàkiri inú ọkọ̀, irin ojú kan ló máa jókòó sí. Tí omi bá mi ọkọ̀, èèyàn á fara tẹ̀ sí ibi tó yẹ. Irin ò mọ ìyẹn, ó máa yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, yóò sì fa ọkọ̀ tẹ̀lé e. Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ó fi mí sílẹ̀, ó gbé àwọn èrò rẹ̀ lọ.

A sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí yanrìn, 8,000. Tíkẹ́ẹ̀tì èbúté, 5,000. Mo wá ẹni tó máa ṣọ́ ọ mọ́jú, 2,000 lálẹ́ kan, torí ẹ̀rọ tó bá sùn níta kì í dá jí. Ìyá kan tó ń yan ẹja gbà mí sílé. Mo fi ọ̀bọ̀kún jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rò pé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, màá ti lọ.

Ní ọjọ́rú, mo rí ọkọ̀ onípákó ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kó yanrìn. Ọlọ́kọ̀ ní 60,000. Mo ní ṣé ó fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún mi ni. Ó ní òun ò tíì ka ti ewé mọ́ ọn. A wò, lóòótọ́, atẹ́gùn òru ti kó ewé omi wá dí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ tútù ni ojú omi náà jọ, ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀.

Kì í ṣe òjú oró ni mò ń sọ o, kì í sì ṣe òṣíbàtà. Àwọn yẹn, a bá wọn níbẹ̀, a sì mọ oríkì wọn. Èyí tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, òdòdó rẹ̀ pọ́n bí elésè àlùkò, gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ́ bí irùngbọ̀n àgbà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ní 1984 ló gba ojú omi láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Lápá Èkó, tí omi òkun bá wọnú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ máa ń pa á. Omi tiwa ò ní iyọ̀, nítorí náà òun náà ti di ọmọ ìlú, ó kàn jẹ́ pé kì í dáwó ẹgbẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá kó sí i, á wé mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ tó ń yí nínú omi bí òwú, ẹ máa wà lójú kan láàárín omi títí ẹnìkan á fi bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ.

Ìyá ìyá mi máa ń ròyìn ọjà Ẹ̀jìnrìn fún wa, bí ọkọ̀ ṣe ń to lọ bẹẹrẹ lórí ọ̀sà, tí wọ́n ń kó epo pupa àti ẹrù Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó. Mo jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, mo ń rò ó pé àwọn yẹn fi àjẹ̀ àti ọ̀pá kó odindi ọjà kọjá.

Ó ṣeé ṣe kí a ti kọjá ní ọjọ́bọ̀, torí atẹ́gùn yí, ewé sì là díẹ̀. A ti kó pákó jọ, àwọn ọkùnrin ti dé. Ìgbà náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ dé pẹ̀lú ìwé ríséètì lápá. Ó ní mo máa san owó ẹrù irin, 20,000. Mo ní mo ti san tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ti èèyàn nìyẹn. Mo ní ẹ̀rọ ìlú ni, kì í ṣe ọjà títà. Ó ní ṣé wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá rin ẹ̀gẹ́ ni? Mi ò rí èsì fún ìyẹn kíá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sí ohun tó rí bó ṣe ń rí mọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ríséètì yín náà ń mu epo ni?"

Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní ó di ọ̀dọ̀ alága. Ọlọ́kọ̀ mi sì sọ ọ́ gbangba pé òun ò lè gbé ohun tí kò ní ríséètì, pé òun ṣì máa padà wá jẹun ní èbúté yìí lọ́la. Alága lọ síbi òkú. Ní ọjọ́ Ẹtì, kò tíì dé. Ní àbámẹ́ta ló dé, ó ń rìn tàgétàgé bí ẹni tí ayẹyẹ ṣì wà lára rẹ̀, ó sì gbọ́ ẹjọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ní kí n san 20,000. Mo san án. Ohun tí wọ́n kọ sínú ríséètì náà ni "ẹrù oríṣìíríṣìí". Ó ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Ẹnu mi ló jẹ mí ní ọjọ́ méjì, ẹ jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní mo pè é ní "ẹ̀gbọ́n" láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mo ní kó bá mi ṣe é, bóyá 10,000 ni.

Ibi tó dùn mí jù lọ kì í tiẹ̀ ṣe èbúté. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a tó gbéra, mo pe Màámi pé a ti wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa múra. Màámi sọ fún Baálẹ̀, Baálẹ̀ ní kí wọ́n lu agogo. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn obìnrin ti hú ẹ̀gẹ́ jọ rẹpẹtẹ sí ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu tí èèyàn lè kó sí abà. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá hú u, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ní ọjọ́bọ̀ tí mò ń bá akọ̀wé ṣe àwàdà, wọ́n ti ń fi páànù tí wọ́n fi ìṣó lu rin ohun tí ọwọ́ lè rin, àtàǹpàkò ń bó. Èyí tó kù, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi kó lè di fùfú. Fùfú kún ìlú débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, torí kò sí ilé tí kò ní. Àwọn kan ṣì ń pè mí ní "Ẹ-máa-múra" títí di òní.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ gbé irú nǹkan báyìí lọ sílé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú gbòǹgbò kan títí ẹ̀rọ á fi húkọ́. Kí ẹ sì lọ wo ọkọ̀ fúnra yín, ẹ fọwọ́ kàn án. Orí fóònù, gbogbo ọkọ̀ ló tóbi.

Ní ọjọ́ Àìkú, a san 15,000 fún àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tí wọ́n fi àdá àti ọ̀pá la ewé. A to pákó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ìwúwo lè tàn ká, a tẹ́ táyà lé e, ọkùnrin méjìlá fi igi méjì àti okùn gbé ẹ̀rọ sáàárín gbùngbùn. Mo jókòó tì í bí ìyá ìyàwó. Nígbà tí a dé, ìsìn ò tíì parí ní ṣọ́ọ̀ṣì kejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kù nínú rẹ̀ mọ́ àfi oníwàásù, òun náà sì jáde. Àwọn onímọ́ṣáláṣí ló kọ́kọ́ fi èjìká sí igi.

Ẹ̀kẹta tí wọ́n yí i ló dún. Tù-tù-tù, èéfín dúdú, àwọn ọmọdé sá, wọ́n tún padà. Màámi ò sọ nǹkan kan, ó ń fi ìdí gèlè nu ojú. Inú mi dùn débi tí mo gbàgbé 137,000 tó ti àpò mi jáde fún bí wákàtí kan. Ẹgbẹ́ ò tíì dá a padà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màámi fi kóńgò gaàrí méjì ránṣẹ́ sí mi, àkọ́yan ẹ̀rọ tuntun. Mo rọ omi tútù sí i, mo fi ṣúgà àti ẹ̀pà sí i, mo tọ́ ọ wò. Kò kan rárá. Wọn ò jẹ́ kó pẹ́ lábẹ́ òkúta kí wọ́n tó yan án. Mo pè é pé Màámi, gaàrí Ìjẹ̀bú wo lèyí?

Ó ní, "Ọjọ́ márùn-ún tí o fi gbé ẹ̀rọ sùn létí omi ni kò jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí yóò fi kan."