Bí a ṣe pín ìṣọ́ òru níbi iṣẹ́ wa

Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi ní aago márùn-ún ìdájí pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ìlà tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n padà sùn: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa ṣàlàyé lọ."

Ènìyàn mọ́kàndínlógún ni wá nígbà náà, nínú yàrá ńlá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yábàá, kò jìnnà sí òpópónà Herbert Macaulay. Àdúgbò yẹn ni àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ti ń wọ́ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti dá CcHub, ilé tí àwọn tó ń dá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ti ń pàdé, sílẹ̀ ní 2010. Iṣẹ́ wa ni pé kí ọlọ́jà lè gba owó oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù. Mẹ́fà nínú wa ni ẹnjiníà, èmi ni mo sì ń bójú tó wọn.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí lóṣù Kejì ọdún náà. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ owó náírà, tuntun kò tó o ná, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn ò gba ti àtijọ́ mọ́, ATM gbẹ táútáú. Kódà àwọn ìyá aláta ní Ọ̀yìngbò ń ní kí a fi owó sínú àkáǹtì. Iye trànsífà tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá ga sókè lójijì. Bí ẹ̀rọ báńkì kan bá sì dákẹ́ lóru, owó á ti kúrò nínú àkáǹtì ẹni tó sanwó, kò ní tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, àwọn méjèèjì á wá da ìpè bò wá. Ọmọkùnrin tí mò ń sọ yìí ló kọ kóòdù tó ń bá àwọn báńkì sọ̀rọ̀. Òun ló mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn, òun náà sì ni gbogbo wa ń pè.

Ọ̀gá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní kí n wá nǹkan ṣe. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí a fi nǹkan kún owó oṣù ọmọ náà. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì lọ tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan náà lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá lójú ẹsẹ̀, mo yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò nínú gbogbo gúrúùpù, mo ní kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ka ìpè. Mo jókòó ti Slack àti WhatsApp, níbi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wa, fún odindi ọjọ́ méjì, mo kọ gbogbo ìgbà tí a jí ẹnikẹ́ni láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ta la pè, ta ló pè é, kí ni ọ̀rọ̀ náà já sí. Ó jẹ́ ìpè 53. Ọmọkùnrin kan yìí la pe 44 níbẹ̀. Mo wá yẹ ẹni tó ń pè é wò, mo rí orúkọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Èmi tí mo máa ń sọ pé bí àbúrò ni mo mú un! Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo jáde lọ dúró sí bákónì fún ìgbà díẹ̀.

Ohun kejì tí kíkà yẹn fi hàn mí ni pé ohun tó lé ní ìdajì ìpè náà ì bá lè dúró di àárọ̀. Aláàmù kan wà tí a ṣe pé kó máa dún bí iye trànsífà bá ti lọ sílẹ̀. Ta ló ń rajà ní aago mẹ́ta òru? Iye náà á lọ sílẹ̀ dandan, aláàmù á dún, ọmọ ọlọ́mọ á ta jí, á wò ó, á rí i pé kò sí nǹkan kan, oorun á sì ti dá. Oṣù mélòó la fi gbà bẹ́ẹ̀? A tún un ṣe ní ọ̀sán kan péré: a ní kó máa fi òru òní wé òru irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Fún ìyókù, ìbéèrè kan la fi ń ya wọ́n sọ́tọ̀: ṣé owó ẹnìkan ti há sọ́nà, àbí ó máa há kí ilẹ̀ tó mọ́? Bí kò bá sí èyí, kí ọ̀rọ̀ náà dúró sínú ìwé títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ó wá ku bí a ṣe máa pín òru láàárín ara wa. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní rọ́sítà. Èmi, ìṣọ́ ni mo pè é, nítorí ilé wa ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí àwọn adigunjalè ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu, àwọn lánlọ́ọ̀dù jókòó, wọ́n pín òru. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Bó bá ti kan bàbá mi, á mú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè jáde. Bí ẹni tí ìṣọ́ kàn kò bá tíì fọn fèrè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Ohun tí mo rántí jù ni ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyá mi kì í jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn gbàgà. "Bàbá yín ṣọ́ òru," ni á wí, a ó sì máa rìn jẹ́jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é. Ẹni kan á ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹnìkejì á wà lẹ́yìn rẹ̀ tí òun nìkan lè fọn fèrè pè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá àárọ̀, la ń gbé ìṣọ́ fún ara wa: ọjọ́ Ajé kún jù, ọjọ́ Ẹtì sì ni àwọn kan ń tètè lọ nítorí ọkọ̀. Ẹni tí a bá jí lóru kò ní wá síbi iṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sì ní tọrọ gááfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè bí iná ṣe ń rí nílé rẹ̀ lóru. Ọ̀kan ń gbé ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ègbẹ́dá, ọ̀kan ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Agége, tí kò lè tan jẹ́nẹ́ lóru nítorí ọmọ tuntun. Ẹ wo irú ìṣọ́ tí a fẹ́ gbé lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láìfún un ní tọ́ọ̀ṣì. A ra bátìrì ńlá kan tó lè gbé láptọ́ọ̀pù àti ráútà di àárọ̀, ráútà kékeré méjì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yàtọ̀ síra, àti fóònù kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ní yí padà láé. A kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì dúdú kan. Báàgì yìí ni ìṣọ́; ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun nìkan la lè pè. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún, tí lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 lọ sí nǹkan bí ₦500 l'Ékòó, báàgì yẹn ló gbà wá.

Ọ̀rọ̀ owó kò rọrùn. Mo ní kí ẹni tó ń ṣọ́ máa gba àjẹmọ́nú fún ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ìbáà dún, ìbáà má dún. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹbí ni wá níbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí tiyín, ṣé ọmọ kan ṣoṣo ló ń pọnmi?" Ó dákẹ́. Mo ti pe amòfin kí n tó lọ bá a. Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 24 gbáko nínú ọjọ́ 7 kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n amòfin fi hàn mí pé ìtumọ̀ tí òfin náà fún òṣìṣẹ́ yọ iṣẹ́ ọ̀gá àti iṣẹ́ ìmọ̀ bíi tiwa sílẹ̀. Ìwé tí àwa fúnra wa bá tọwọ́ bọ̀ ló máa gbè wá. Nítorí náà mo ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá náà sì kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọmọ náà dé láti Ìjẹ̀bú, mo jókòó tì í ní ọ̀sán mẹ́ta. "Bí báńkì kan bá dákẹ́, kí lo kọ́kọ́ ń wò?" Ó ronú títí. "Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn máa ń mọ̀ ni." Mo yé bi í ní ìbéèrè. Mo ní kó ṣe é lójú mi lórí ẹ̀rọ tí a fi ń dánra wò, mo ń kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe sílẹ̀. Ojú ìwé mọ́kànlá la ní nígbà tí a parí. Àbúrò wa obìnrin tó kéré jù nínú àwọn ẹnjiníà ni mo gbé e fún pé kó fi ṣiṣẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Ó dúró ní ojú ìwé kẹrin. Ọmọ náà wo ibẹ̀, ó ní, "Há, mo gbàgbé pé ẹ ò mọ ìyẹn."

Ibi tó pẹ́ wa jù ni ìjókòó àárọ̀ lẹ́yìn tí nǹkan bá bàjẹ́. A ti fẹnu kò pé a ò ní wádìí ta ló ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀ la máa wádìí. Gbogbo wa ń fi orúkọ pe ara wa níbi iṣẹ́, a ń sọ pé kò sí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wa. Lọ́jọ́ kìíní, àbúrò yìí ti rí i pé àtúnṣe tí ẹnjiníà tó dàgbà jù ṣe nírọ̀lẹ́ ló fa wàhálà. Ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Nínú ìwé rẹ̀ ni mo ti kà á lẹ́yìn ìpàdé. Mi ò bá a wí, nítorí ilé ire ló ti kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, ẹnu kì í ṣáájú: kálukú á kọ́kọ́ kọ ohun tó rí àti aago tó rí i, èmi á sì kà wọ́n sókè láìdárúkọ. Àṣìṣe tèmi ni mo máa ń kà ṣáájú. Ní ìgbà kẹta, ẹnjiníà àgbà yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Èmi ni mo ṣe èyí."

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, aago kan òru, ọ̀gá wa tún pe ọmọkùnrin náà tààrà. Ọmọ náà gbé e. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báàgì ò sí lọ́dọ̀ mi," ó sì fún un ní nọ́ńbà ìṣọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi láàárọ̀. Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní kí n fi òun náà sí ìṣọ́ ọ̀sẹ̀ kan, kí òun máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lóru. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó béèrè pé èwo nínú àwọn aláàmù náà ni òun lè ní kí wọ́n pa.

Ọmọkùnrin náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Kẹta. Oṣù Kẹjọ ló lọ, ó rí iṣẹ́ sí Jámánì, inú wa sì dùn sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn tó lò lọ́dọ̀ wa, òun ni báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò wa obìnrin ló sì máa gbà á. Ọmọbìnrin náà tú u sórí tábìlì, ó ka àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ṣájà ráútà kejì ò sí níbí o. Mi ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́." Ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ kéké, ó padà sílé lọ gbé e wá.