Bí abẹ́ bá ń yún ọkùnrin: ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru bá mú ní Kétu ilẹ̀ Benin, ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò lọ sí Pobẹ́ nínú ṣòkòtò jíǹsì tó fún mọ́ra yóò rí i pé itan rẹ̀ ń ha ara wọn, òógùn ò sì gbẹ níbẹ̀. Tó bá dalẹ́, abẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ẹ̀rù àtọ̀sí á bà á, ojú á sì tì í láti sọ fún ẹnikẹ́ni, ló bá da ọtí sódábì tàbí Dettol sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí a ń dà síbẹ̀ yìí máa ń ba awọ jẹ́ ju ohun tó kọ́kọ́ ṣe é lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dáwọ́ gbogbo rẹ̀ dúró: ọṣẹ olóòórùn, lọ́fínńdà, ìpara. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta, omi lásán ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, kí ẹ wọ pátá òwú tí kò fún. Ẹni tí wọn kò dá abẹ́ fún, kí ó fa awọ sẹ́yìn, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì dá a padà. Tó bá há sẹ́yìn tó sì wú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Tó bá wà ní àárín itan, tí etí rẹ̀ ga, tí àárín rẹ̀ sì ń mọ́, làpálàpá ni ó sábà máa ń jẹ́. Ó lè ti ẹsẹ̀ wá, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó wọ pátá. Tí orí okó bá pupa, tí ohun funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn, tó ń lọ tó ń padà wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àtọ̀gbẹ máa ń fà á. Àwọn kókó kéékèèké tó tò yí etí orí okó ká kì í ṣe àrùn rárá.

Làpálàpá ń gbọ́ ìpara clotrimazole tí ẹ rà ní fámásì, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ méjì, bí yíyún bá tilẹ̀ ti dá. Ẹ má ra ìpara orí àtẹ tí wọ́n po kòtísónì mọ́. Ó ń mú kí yíyún rọlẹ̀, àmọ́ làpálàpá á máa tàn sí i, awọ á sì máa fẹ́lẹ́.

Egbò tí kò dunni ni mo ń bẹ̀rù jù. Sífílísì, àrùn ìbálòpọ̀ kan, lè yọ bẹ́ẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbálòpọ̀, kí egbò náà san fúnra rẹ̀, kí àrùn sì kù nínú ẹ̀jẹ̀. Egbò, ọyún tó ń jáde, ìtọ̀ tó ń ta, ìléròrò tó ń dunni, ibà tàbí kókó ní ẹ̀gbẹ́ itan: ẹ má gbé kápúsù kankan mì, ẹ lọ rí dókítà. Tí ẹpọ̀n kan bá ṣàdédé dunni gan-an, ẹ máa lọ lóru yẹn. Wákàtí 6 àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì.

Níwájú nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ ti fi sí i, àti ìgbà tí ẹ bá obìnrin lò kẹ́yìn. Tí ojú bá ń tì yín, ẹ ní ọkùnrin ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè àyẹ̀wò sífílísì àti HIV. Tí wọ́n bá rí àrùn ìbálòpọ̀, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin yín gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú, kí ẹ sì ní sùúrù pẹ̀lú ìbálòpọ̀ títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi lo oògùn tán.