Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Ẹnu, Eyín àti Ọ̀fun Nígbà Ìtọ́jú Onítànṣán fún Jẹjẹrẹ Orí àti Ọrùn

Ìtànṣán tí a fi ń pa jẹjẹrẹ ọ̀fun tàbí ahọ́n kò lè ṣe kó má kan ẹran ara tí kò ní àrùn. Púpọ̀ nínú ààbò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ rárá.

Dókítà eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí ó yọ eyín tó ti jẹrà kọjá àtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ṣáájú ìtọ́jú, kí ojú egbò rẹ̀ lè jinná, nítorí pé ìtànṣán máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé eegun àgbọ̀n kù, débi pé eyín tí wọ́n bá yọ lẹ́yìn náà, kódà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, lè fa egbò tí kò ní jinná, kí eegun náà sì kú. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jùlọ, torí òun ni ìkánjú àtibẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú máa ń mú kí àwọn èèyàn gbójú fò.

Ẹ bi dókítà bóyá ẹ̀rọ wọn lè darí ìtànṣán kí ìwọ̀n ìtànṣán tó ń dé orísun itọ́ níwájú etí, ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ kan, má kọjá 26 Gray (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán) ní ìpíndọ́gba. Nínú ìwádìí PARSPORT ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé jáde ní 2011, 38 nínú 100 àwọn tó gba irú ìtọ́jú yìí ni ẹnu wọn ṣì ń gbẹ débi tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lẹ́yìn ọdún kan. 74 ni láàárín àwọn tó gba ti àtijọ́.

Bí aláìsàn bá rù, ìbòjú oníke tó ń di orí rẹ̀ mú yóò ṣò, orísun itọ́ sì lè sún sí ibi tí ìtànṣán ti pọ̀. Ẹ tètè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Kí ó má bàa rù, ẹ máa fún un ní ẹ̀kọ mímu tí a bu mílíìkì sí, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata.

Ẹ po ṣíbí kékeré iyọ̀ kan àti ti baking soda kan mọ́ lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, kí ó máa fi yọ ẹnu lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kí ó sì tu ú dànù. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó lò dípò pákò, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Kí ó jáwọ́ nínú sìgá, áàṣáà àti ọtí. Kò gbọdọ̀ fi abẹ fá irùngbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi àgbo tàbí ìpara tó ń ta pa ọrùn.

Bí ibà bá dé, tàbí tí kò lè gbé omi mì mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.