Pẹ́pẹ́yẹ mi 31, àti alágbàtà tó ní òun ń bọ̀ lọ́la

Ọjọ́ 17 gbáko ni mo fi bọ́ pẹ́pẹ́yẹ tí mo ti kà sí ọjà títà. Àpò oúnjẹ mẹ́ta ni wọ́n jẹ láàárín ọjọ́ náà, ₦48,000. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Àpètè n'Ìbàdàn là ń gbé, ẹ̀yìnkùlé wa sì fẹ̀ díẹ̀. Akọ kan àti abo mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti sin pẹ́pẹ́yẹ rí mọ bó ṣe ń rí: á sàba fún bí ọjọ́ 35, á pamọ, kó o tó mọ̀, àgbàlá ti kún. Àrùn lúkúlúkú tó kó adìẹ mi mẹ́fà lọ nígbà ọyẹ́ ò tiẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n pé 38, mo ní kí n ṣẹ́ méje kù, kí n ta 31.

Aládùúgbò wa kan ló mú alágbàtà náà wá. Ó gbé akọ kan sókè, ó fi àtàǹpàkò tẹ igbá àyà rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ rẹ̀ kó lè rí ẹran abẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni o. ₦9,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń bọ̀ wá kó gbogbo ẹ̀ ní Sátidé.” Inú mi dùn débi pé mo dá oníbàárà méjì padà lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Sátidé, aago márùn-ún ìdájí la ti jí mú wọn, torí ara wọn máa ń balẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìdí apá méjèèjì la fi ń gbé wọn, a kì í fa ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ bíi ti adìẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò le, ó lè yẹ̀. Èékánná wọn ha mi lápá títí dé ìgúnpá. A kó wọn sínú àgò mẹ́fà tí mo yá. Aago mẹ́jọ, a ò rí i. Aago mẹ́wàá, ó ní òun ti dé Sángo. Sángo sí Àpètè tí kò jìnnà! Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ti ń la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle. Mo ṣí gbogbo àgò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sáré lọ síbi ọpọ́n omi, tí wọ́n ti orí bọ̀ ọ́ dé ojú. Omijé bọ́ lójú mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ ló bàjẹ́. Lọ́jọ́ Thursday, ó lọ sin òkú àna rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò ni. Bí mo bá pè é, á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì.” Ọkàn mi balẹ̀ lóòótọ́, àpò oúnjẹ sì ń fò.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló tó dé, ó ní ọjà ti wálẹ̀, ₦5,500 ni òun máa san. Ó ní àwọn èèyàn kì í fẹ́ ra pẹ́pẹ́yẹ, ìyẹ́ ẹ̀ nira láti tu, àti pé wọ́n á máa wo ẹni tó bá rà á bíi pé ètùtù ló fẹ́ fi ṣe. Mo ní kó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyẹ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ bá Alhaja kan tó ń ta oúnjẹ ní Mọ́kọ́lá. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ràn ẹran ẹ̀, títu ẹ̀ ni mi ò ráyè ẹ̀.” Mo ní màá tu ú. Ó ní Mùsùlùmí ni kó dú u, kó ṣe Bísímílà. Álífà àdúgbò wa bá mi ṣe ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Òróró tó wà lára ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kì í jẹ́ kí omi wọlé, ohun tó ń dá àwọn èèyàn lágara nìyẹn. Omi tó gbóná gan-an àmọ́ tí kò hó ni mo lò, mo da ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ sí i, mo tẹ ẹran náà rì, mo ń yí i kiri títí ìyẹ́ apá fi ń bọ́ wẹ́rẹ́. Àwọn ìyẹ́ kéékèèké tó kù lára awọ, a fi ọwọ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a wá fi iná rà á, a sì fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ léraléra. Àwa mẹ́ta la tu 14 lọ́jọ́ kan. Alhaja san ₦12,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ní kí n máa bá òun wá sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí mo dá padà, obìnrin kan ní Ológunẹ̀rú, gbà láti padà wá. Abo mẹ́sàn-án ló rà fún sísìn, ₦9,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ fi akọ kan kún un, mo ní rárá, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, kó lọ wá akọ níbòmíràn. Akọ mẹ́jọ tó kù, mo gbé fọ́tò wọn sórí WhatsApp nígbà tí Kérésì ń sún mọ́lé, ₦11,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tán. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦344,000.

Bí mo bá tún un ṣe, mi ò ní mú ẹyẹ kan sínú àgò láìtíì gba àsansílẹ̀, mi ò sì ní lé oníbàárà kankan nítorí ẹlòmíràn tó fi ẹnu rajà. Oníbàárà kejì tí mo dá padà ti rà níbòmíràn, ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Alágbàtà yẹn tún pè lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ṣé mo ṣì ní pẹ́pẹ́yẹ. Mo fi nọ́ńbà àkáǹtì mi ránṣẹ́ sí i.