Bí mo ṣe ń pàṣẹ fún sáfà ilé mi láti orí rédíò, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá ní ẹ̀bá Abidjan, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Sáfà kékeré tó wà nílé mi ní Àpáta, ní Ìbàdàn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí mo máa ń bá sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò yẹn. Iná rẹ̀ kò kú, díìsìkì rẹ̀ kò sì ní àléébù kankan, ṣùgbọ́n èmi tí mo wà níbi iṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá kò lè bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀nà tí mo ń gbà wọ inú rẹ̀ nígbà náà ń kọ́kọ́ kan kọ̀ǹpútà kan ní Yúróòpù kí ó tó padà wá sílé. Ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá a sọ kò pọ̀ rárá. Mo fẹ́ mọ iye iná tó kù nínú bátìrì inverter, mo sì fẹ́ kí sáfà náà pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí iná náà bá ti lọ sílẹ̀ jù. Ó hàn sí mi gbangba pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa sọdá òkun láti Mọ́kọ́lá dé Àpáta, mo sì pinnu láti wá ọ̀nà tí kò ní kọjá ẹ̀yìn odi Ìbàdàn.

Rédíò tó ń lo ìlànà LoRa ni mo yàn. Ilé-iṣẹ́ Cycleo ní ìlú Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe ìlànà náà, kí ilé-iṣẹ́ Semtech ti Amẹ́ríkà tó rà á ní ọdún 2012. Agbára rẹ̀ wà nínú pé kì í kánjú. Ó máa ń na ìsọfúnni díẹ̀ sórí ìgbì rédíò fún ìgbà pípẹ́, débi pé rédíò tó ń gbọ́ ọ lè ṣa ọ̀rọ̀ jọ kódà nígbà tí ariwo tó wà lójú òfuurufú bá lágbára ju ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní LongFast, èyí tí mo ń lò, ọ̀rọ̀ lè fi nǹkan bíi decibel 17 (ìwọ̀n agbára ìgbì) rẹlẹ̀ sí ariwo kí ó sì ṣeé gbọ́ síbẹ̀. Ìyára ni a fi ń san gbèsè náà: kò ju nǹkan bíi bíìtì 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bíi báìtì 200 lọ (bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan). Ẹni tó bá ń retí láti fi wo àwòrán tàbí láti fi ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì yóò kàn dààmú ara rẹ̀ ni.

Meshtastic ni ètò tó ń darí àwọn rédíò náà. Ọ̀fẹ́ ni, Kevin Hester ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà láti ìgbà yẹn. Kò sí òpó kan pàtó tí gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Rédíò tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yóò tún un sọ fún èyí tó wà níwájú rẹ̀, títí iye ìgbà tí a fún ọ̀rọ̀ náà láàyè láti fò yóò fi pé. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, èèyàn sì lè gbé e dé méje, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé gbogbo àtúnsọ tí kò pọn dandan ń gba ojú òfuurufú mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Rédíò mẹ́ta ni mo lò. Èkíní jẹ́ Heltec V3, ó wà nílé, okùn USB ni mo fi so ó mọ́ Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré mìíràn tó yàtọ̀ sí sáfà, tí kì í sùn. Èkejì jẹ́ irú rẹ̀ kan náà, ó máa ń wà nínú àpò mi, ó sì ń bá fóònù mi sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth. Ẹ̀kẹta jẹ́ RAK4631, tí kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà òun ni mo so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré àti bátìrì kan, kí ó lè dá dúró síbi gíga láìsí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó tan irú rédíò wọ̀nyí, áńténà ni kó kọ́kọ́ dè mọ́ ọn, nítorí pé rédíò tó bá sọ̀rọ̀ láìní áńténà lè ba ara rẹ̀ jẹ́.

Rédíò Meshtastic kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi sọ agbègbè tó wà fún un, Nàìjíríà kò sì sí nínú àtòjọ náà nígbà tí mo ṣe é. Àwọn rédíò mi jẹ́ ti 868 MHz, EU_868, ìyẹn agbègbè Yúróòpù, ni mo sì yàn fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní láti wo òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, lórí ìgbì rédíò alágbára kékeré kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Yíyàn yẹn gbé ìdiwọ̀n kan wá tí mo fara mọ́ tayọ̀tayọ̀: rédíò kan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí kan lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ń kọ́ èèyàn láti sọ ohun tó ní í sọ kó sì dákẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ti ilẹ̀ Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Òkè ló kún ìlú yìí, ìgbì 868 MHz kò sì lè la òkè kọjá. Páànù orí ilé wa náà tún ń dí i lọ́nà, tó fi jẹ́ pé rédíò tó wà lábẹ́ àjà ní Àpáta kò gbọ́ nǹkan kan láti Mọ́kọ́lá. Mo gbé áńténà ilé jáde sókè orí páànù lórí páìpù, mo sì ri irin ìdáàbòbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí àrá, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Òkè Ààrẹ, níbi tí Ilé Láyípo (Bower's Tower) wà, ni ibi tí ojú ti lè tó apá méjèèjì, mo sì mọ bàbá kan tí ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gba rédíò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ pánẹ́ẹ̀lì sólà rẹ̀ wò, wọ́n ní, “Ṣé kò ní fa àrá wọlé fún mi, ọmọ mi?” Mo ní, “Kò ní fà á, Bàbá. A ó so ó rẹlẹ̀ sí òpó tẹlifíṣọ̀n yín, a ó sì ri irin rẹ̀ mọ́lẹ̀.” Wọ́n ní kí n fi wáyà irin náà hàn wọ́n kí wọ́n tó gbà, mo sì gbàgbọ́ pé ó yẹ kí wọ́n béèrè. Nígbà tí a tan án, tí fóònù mi ní Mọ́kọ́lá sì fi hàn pé rédíò Àpáta ti dáhùn lẹ́yìn ìfò kan, inú mi dùn gidigidi.

Ṣùgbọ́n kí rédíò gbọ́ ara wọn kì í ṣe òpin iṣẹ́. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí sáfà yóò gbà láti ṣe bí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ètò wọn gba ìlà àṣẹ èyíkéyìí láti orí rédíò, kí ó sì ṣe é bó ṣe wà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀nà tóóró ni rédíò yìí, ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí sì lè gbọ́ pé nǹkan ń kọjá lórí rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó gba ibẹ̀. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ètò náà. Mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ọ́, ó ń lo àkójọpọ̀ tí àwọn Meshtastic fúnra wọn gbé jáde, ó sì ń dúró de “meshtastic.receive.text”, ìyẹn ìkéde pé ọ̀rọ̀ ti dé. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ó máa wò ó nínú ìwé àṣẹ kékeré kan tó wà lórí díìsìkì. “Ipo” di àkópọ̀ ìgbóná ẹ̀rọ, àyè díìsìkì àti iye iná bátìrì. “Pa” di pípa gbogbo ètò lẹ́sẹẹsẹ, kí díìsìkì má baà bàjẹ́. “Tun” pẹ̀lú orúkọ iṣẹ́ kan di àṣẹ systemctl tó ń tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, ètò náà kò ní ṣe é, kò sì ní dá a lóhùn. Orúkọ oníṣẹ́ kan tí kò ní agbára mìíràn lórí kọ̀ǹpútà náà ni ètò yìí ń jẹ́, àwọn àṣẹ yẹn nìkan ni mo sì fún un láyè láti pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ. Ìkànnì tí Meshtastic máa ń wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún sáfà níbẹ̀. Mo ṣe ìkànnì tèmi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ bíìtì 256, ṣùgbọ́n èyí náà kò tó, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ìkànnì lè fi orúkọ rédíò mìíràn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Meshtastic ti dé ẹ̀dà 2.5, ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ tààrà láti rédíò kan sí èkejì ń lo kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan tí gbogbo ènìyàn lè rí àti ọ̀kan tí kì í kúrò nínú rédíò tó ni ín. Irú ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ètò mi ń gbà, láti rédíò tí mo ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ nìkan. Mo tún fi nọ́ńbà sí iwájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan, tó gbọ́dọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ lónìí má lè tún un sọ lọ́la.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò fi àmì sí orí àwọn àṣẹ náà. Kì í ṣe pé mo kórìíra àmì ohùn, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, báìtì ló fà á. Lẹ́tà “o” lásán gba báìtì kan, ṣùgbọ́n “ọ̀” gba márùn-ún: mẹ́ta fún “ọ” àti méjì fún àmì orí rẹ̀. Gbólóhùn Yorùbá tó ní àmì pípé lè tètè kún báìtì 200 ju bí a ṣe rò lọ. Àtẹ ìtẹ̀wé fóònù kan sì tún lè so lẹ́tà àti àmì pọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà, kí ọ̀rọ̀ kan náà wá di méjì lójú ẹ̀rọ. Mo kọ àṣẹ láìsí àmì, mo sì fi NFC, ìlànà tó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, nínú àkójọpọ̀ unicodedata ti Python mú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wọlé bára mu kí ètò tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdáhùn sáfà ní tirẹ̀ ń bọ̀ ní Yorùbá alámì, nítorí pé ó kúrú, mo sì fẹ́ kà á bó ṣe yẹ.

Àṣẹ tí mo fẹ́ràn jù ni “ji”. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà nílé tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì, kò sì yẹ kó máa jẹ iná inverter látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà tí Raspberry Pi bá gbọ́ “ji”, yóò ju ìdì Wake-on-LAN, tó ń jí kọ̀ǹpútà tó wà ní pípa, sórí okùn ilé: báìtì FF mẹ́fà, tí àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀) kọ̀ǹpútà náà, tí a tún kọ nígbà mẹ́rìndínlógún, tẹ̀ lé. Báìtì 102 ni gbogbo rẹ̀, inú ilé ló sì ti ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà wọn nìkan ló gba òkè kọjá láti Mọ́kọ́lá.

Ohun kan tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é mọ̀ ni pé àmì “ó ti dé” tó ń hàn lórí fóònù, ohun tó ń sọ kò ju pé rédíò ilé ti gba ọ̀rọ̀ lọ. Kò sọ pé sáfà ti ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Nítorí náà ètò mi gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dáhùn lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, bí ìdáhùn náà kò bá sì dé, mo máa ń fi “ipo” béèrè kí n tó tún àṣẹ kankan pa. Orúkọ tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, fún okùn USB lè yí padà bí a bá tún ẹ̀rọ tàn, nítorí náà ojú ọ̀nà tó wà ní /dev/serial/by-id ni mo kọ sínú ètò, kì í ṣe ttyUSB0.

Ní báyìí, bí bátìrì inverter bá lọ sí ìsàlẹ̀ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, sáfà náà ló ń kọ́kọ́ kọ̀wé sí mi. Bí n kò bá sì fèsì kí iná tún tó lọ sílẹ̀ sí i, yóò pa ara rẹ̀, Raspberry Pi àti rédíò nìkan ni yóò sì wà lójúfò. Iṣẹ́ tó kù ní ìwájú mi ni láti gbé pánẹ́ẹ̀lì tó tóbi díẹ̀ sí i lọ sí Òkè Ààrẹ kí òjò tó dé, nítorí pé oòrùn oṣù Keje kò tó fún èyí tó wà níbẹ̀, mo sì ti bá Bàbá sọ ọ́.