Bí a ṣe lè tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù náà "hesed" nínú Bíbélì

Ẹni tó bá ti ń ka Bíbélì Yorùbá láti ìgbà èwe ti bá hesed pàdé lọ́pọ̀ ìgbà láìmọ̀ pé òun ni. Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti pè é ní "àánú", ibòmíràn wà tí ó jẹ́ "ìṣeun ìfẹ́", ibòmíràn sì tún wà tí ó jẹ́ "oore". Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń yí padà, òǹkàwé kì í tètè rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló so ìtàn Rúùtù, májẹ̀mú Dáfídì àti Jónátánì, àti orin inú Sáàmù 136 pọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín bí èèyàn ṣe lè tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ojú ìwé títí dé inú àdúrà àti ìwà rẹ̀. Ó dá mi lójú pé inú ìtàn àwọn èèyàn tó hù ú níwà ló yẹ kí a ti kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí a tó máa fi yin Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń pè é. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́ láti ọ̀tún sí òsì: ḥet, samekh àti dalet. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í ṣe "h" tiwa gan-an, nítorí inú ọ̀fun ni wọ́n ti ń fà á jáde. Fáwẹ̀lì méjèèjì sún mọ́ "ẹ", orí sílébù àkọ́kọ́ sì ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá pè é ní "hẹ́sẹ̀d" kò jìnnà sí i. Bí ó bá di ọ̀pọ̀, ó di ḥasadim. Ẹni tí ìwà náà bá sì wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ḥasid, èyí tí Bíbélì wa pè ní "Ẹni Mímọ́" nínú Sáàmù 16:10.

Lẹ́yìn èyí, kí a wá àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. James Strong, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwé atọ́ka kan tó jáde ní 1890, nínú èyí tí ó fún ọ̀rọ̀ Hébérù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà hesed ni 2617. Ọ̀pọ̀ áàpù Bíbélì orí fóònù ló ń fi nọ́ńbà wọ̀nyí hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì fi Bíbélì Yorùbá yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà wà ní nǹkan bí ibi 250, tí ó ju ìdajì wọn lọ sì wà nínú ìwé Sáàmù. Ẹ má ṣe kàn wá gbogbo ibi tí a ti kọ "àánú" ní Yorùbá, nítorí àánú tiwa gba ọ̀rọ̀ Hébérù tó ju ẹyọ kan lọ mọ́ra. Sáàmù 51:1 fi èyí hàn kedere: "Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣeun ìfẹ́ rẹ: gẹ́gẹ́ bí ìrọ́nú ọ̀pọ̀ àánú rẹ, nu ìrékọjá mi nù kúrò." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. "Ṣàánú" ti àkọ́kọ́ jẹ́ ojú rere tí ẹni gíga ń fi wo ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan níwájú rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni raḥamim, tí ó bá reḥem tan, èyíinì ni ilé ọmọ nínú obìnrin, ìyọ́nú tó ń ti inú jáde. "Ìṣeun ìfẹ́" tó wà láàárín ni hesed.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti inú Sáàmù. Orin máa ń gbà pé a ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí ó tó kọ ọ́ lórin. Ìtàn ló ń fi hàn wá. Nítorí náà, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹ ka ìwé Rúùtù tán ní ìjókòó kan, kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin níbikíbi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti yọjú: ta ló ṣe é, ta ni ó ṣe é fún, kí ló so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ni ì bá sì ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni hesed wà nínú ìwé kékeré yìí. Ní 1:8, Náómì tó ti sin ọkọ àti ọmọkùnrin méjì gbàdúrà pé kí Olúwa ṣe hesed sí àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe sí àwọn òkú àti sí òun. Ẹ kíyè sí i pé Órípà wà nínú àwọn tí ó ń yìn. Órípà ṣe ojúṣe rẹ̀, ó sunkún, ó padà sílé, kò sì sí ẹni tó bá a wí nínú ìwé náà. Rúùtù ni kò padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin kankan tó dè é mọ́ ìyá ọkọ tí kò ní ohun tí yóò fi san án fún un. Ní 2:20, lẹ́yìn tí Rúùtù ti pèéṣẹ́ dé láti oko Bóásì, Náómì súre fún ẹni tí kò dáwọ́ hesed rẹ̀ dúró sí àwọn alààyè àti sí òkú. Bí a ṣe to gbólóhùn yẹn ní Hébérù, a lè kà á sí Olúwa, a sì lè kà á sí Bóásì. Mo rò pé ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà nìyẹn: níbi tí ọmọ ènìyàn bá ti ń ṣe é, ó máa ń ṣòro láti ya ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọwọ́ Ọlọ́run. Ní 3:10, Bóásì fi ọ̀rọ̀ kan náà yin Rúùtù. Bóásì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìbátan tó sún mọ́ wọn jù. Ẹlòmíràn wà níwájú rẹ̀ tó kọ̀ láti ra ogún òkú náà padà nítorí kí ogún tirẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹni tí a kò lè fipá mú ló ṣe é.

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí kan náà lọ sí Gẹ́nẹ́sísì 47:29, níbi tí Jákọ́bù arúgbó ti bẹ Jósẹ́fù pé kí ó ṣe "hesed àti òtítọ́" sí òun, kí ó má sin òun sí Íjíbítì. Nígbà tí ọmọ yóò bá mú ìlérí náà ṣẹ, bàbá kò ní sí láàyè mọ́ láti mọ̀ bóyá ó mú un ṣẹ. Ẹ lọ sí 1 Sámúẹ́lì 20:14-15, níbi tí Jónátánì ti bẹ Dáfídì pé kí ó má ké hesed rẹ̀ kúrò ní ilé òun láé, kí ẹ sì lọ wo bí ó ṣe rí nínú 2 Sámúẹ́lì 9, nígbà tí Jónátánì ti kú, tí Dáfídì ti di ọba, tí ó sì ń bèèrè ẹni tó kù ní ilé Sọ́ọ̀lù. Mẹfibóṣẹ́tì tó yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì wá wólẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù; ó gba gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà, ó sì ń jẹun lórí tábìlì ọba títí. Ti Ráhábù nínú Jóṣúà 2:12 kò le láti rí.

Bí ẹ bá to àwọn ìdáhùn yín pọ̀, wọn yóò jọra. Ìbátan tàbí májẹ̀mú kan wà. Ẹnì kan wà nínú ewu tàbí àìní. Ẹnì kejì ní agbára láti ràn án lọ́wọ́. Kò sì sí ẹni tó lè mú un bí ó bá kọ̀. Ìṣe ni, kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí lára èèyàn nìkan. Ọ̀mọ̀wé Bíbélì náà Nelson Glueck, nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1927, tẹnu mọ́ ojúṣe tó wà láàárín àwọn tí májẹ̀mú so pọ̀. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Katharine Doob Sakenfeld, ní 1978 fi kún un pé alágbára ló máa ń ṣe é fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ mìíràn, tìfẹ́tìfẹ́. Ọ̀rọ̀ Sakenfeld ló tẹ̀wọ̀n jù lójú tèmi, nítorí pé òkú pọ̀ nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí, òkú kò sì lè bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà yìí ni kí a wá ka ohun tí Bíbélì sọ nípa hesed Ọlọ́run. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ́kísódù 34:6-7, níbi tí Olúwa ti kéde orúkọ ara rẹ̀ fún Mósè pé òun pọ̀ ní hesed àti òtítọ́, àti pé òun ń pa hesed mọ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹ wo ìgbà tí ó sọ ọ́: lẹ́yìn ère ẹgbọrọ màlúù ni, nígbà tí Ísírẹ́lì ti da májẹ̀mú, tí wàláà òkúta àkọ́kọ́ sì ti fọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀san lásán ni, orí kẹtàlélọ́gbọ̀n ni ì bá ti parí. Jónà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó kà á lórí nínú 4:2 pẹ̀lú ìbínú, nítorí pé Ọlọ́run fi dá àwọn ará Nínéfè sí. Ẹni tó kọ Ẹkún Jeremáyà sì di ọ̀rọ̀ náà mú ní 3:22, lẹ́yìn tí àwọn ará Bábílónì ti wó Jerúsálẹ́mù. Nínú Sáàmù 23:6, ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí "tọ̀ mí lẹ́yìn" ni wọ́n ń lò fún ọ̀tá tó ń lé èèyàn kiri. Hesed ló ń sáré lé onísáàmù níbí.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta bí ẹ ti ń kà á. Lẹ́fítíkù 20:17 ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ bákan náà, ṣùgbọ́n "ohun ìtìjú" ni ó jẹ́ níbẹ̀, nítorí náà kí ẹ má fi wé èyí. Àìsáyà 40:6 lò ó fún ẹwà ènìyàn tí ń rọ bí òdòdó, kò sì yẹ kí a kó gbogbo ìtumọ̀ tó kù lé e lórí. Lákòótán, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bí a bá ti pe ọ̀rọ̀ náà ní Hébérù, àdúrà yóò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí agbára kan nínú pípè rẹ̀.

Ṣíṣe é ló ṣe pàtàkì. "Hesed ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹbọ," ni Hóséà 6:6 wí, Jésù sì fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́ẹ̀mejì nínú Mátíù, ní 9:13 àti 12:7. Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù wó tẹ́ńpìlì ní ọdún 70, ẹsẹ Hóséà yìí kan náà ni ìtàn àwọn Júù sọ pé Rábì Yohanan ben Zakkai fi tu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú, nígbà tí ìyẹn ń sunkún pé ibi ètùtù ti di àlàpà. Nínú Talmud, àkójọ ẹ̀kọ́ àwọn rábì, èyíinì ni àwọn olùkọ́ Júù, nínú apá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sukkah, wọ́n fi hesed ga ju ìtọrẹ lọ lọ́nà mẹ́ta: owó ni a fi ń ta ọrẹ, ṣùgbọ́n owó àti ara ni a fi ń ṣe hesed, tálákà ni ọrẹ wà fún, ṣùgbọ́n hesed wà fún tálákà àti olówó, alààyè ló ń gba ọrẹ, ṣùgbọ́n hesed kan òkú pẹ̀lú. Títí di òní, ìwẹ̀ òkú àti ìsìnkú ni àwọn Júù ń pè ní hesed òtítọ́, gẹ́gẹ́ bí Jákọ́bù ti bèèrè. Ọ̀nà mẹ́ta yìí wúlò láti yẹ ara ẹni wò: iṣẹ́ wo ni mo lè fi ara mi ṣe fún ẹni tí ó bá mi tan, tí kò sì ní lè san án padà?

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, Sáàmù 136 ni kí ẹ lò. Ẹsẹ 26 ló ní, apá kejì ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì ni "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé", bí ìgbà tí ẹnì kan ń lé orin tí àwùjọ ń gbè é. Ohun tí Ọlọ́run ṣe ló wà nínú lílé: ó dá ọ̀run, ó pín Òkun Pupa níyà, ó rántí wa nínú ìwà ìrẹ̀lẹ̀ wa, ó ń fi oúnjẹ fún ẹ̀dá gbogbo. Ẹ ka àwọn wọ̀nyí tán, kí ẹ wá kọ lílé tiyín sí ìsàlẹ̀ wọn pẹ̀lú orúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí Ọlọ́run rán wá, kí gbogbo ará ilé sì máa gbè é lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan.