Fótò ẹbí láì le gbagidi: ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí l'Óṣogbo

Iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe, Òṣogbo níbí náà ni mo fìdí kalẹ̀ sí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn sì máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ọjọ́ fótò ẹbí wọn tó pé, ni mo bá ní kí n kó wọn jọ. Èèyàn kì í rọ̀ níwájú kámẹ́rà torí wọ́n ní kó rọ̀, nǹkan tẹ́ ẹ ti ṣe láti ilé ló ń mú un rọ̀.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ dádì àwọn ọmọ. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín ṣáá nílé, àmọ́ tí kámẹ́rà bá ti yọjú, wọ́n á gan bí ẹni tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù.

Ìdáhùn: Ẹ má bá wọn jà, bí wọ́n ṣe bá a nílé nìyẹn. Ẹ lọ wo fótò bàbá tó bí wọn lára ògiri pálọ̀: wọ́n jókòó ṣánṣán, agbádá bolẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, wọ́n ń wo kámẹ́rà tààrà, eyín ò yọ síta. Iyì ni nígbà yẹn. Fótò yẹn gan-an ni mo máa kọ́kọ́ yà fún wọn, méjì mẹ́ta, tọ́kàn wọn bá ti balẹ̀ pé àwọn ti ya fótò gidi, èjìká á wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá ní kí wọ́n gbé ọmọ, tàbí kí wọ́n bá ọmọ so okùn bàtà, torí ọwọ́ tí ò níṣẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ má sì dúró sẹ́yìn mi kẹ́ ẹ máa pariwo "Dádì, ẹ rẹ́rìn-ín!" o, eyín lásán lẹ máa rí gbà. Lọ́jọ́ kan, mo ṣe bí ẹni pé bátìrì mi ti kú, mo dorí kodò, ni bàbá kan bá kọjú sí ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń bá wọn to fìlà, wọ́n ní "o ti fìlà mi sẹ́yìn jù, ṣé mo jọ ọmọ ìta ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Òun ni wọ́n fi sí férémù.

Ìbéèrè: Aago kan ọ̀sán la ya tiwa lọ́dún tó kọjá, ojú gbogbo wa dúdú bí èédú, léèsì funfun nìkan ló ń tàn. Ṣé kámẹ́rà ò dáa ni?

Ìdáhùn: Aago ni ò dáa. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn wà lókè orí, òjìji iwájú orí á bọ́ sínú kòtò ojú, gèlè náà á tún ju tiẹ̀ lé e. Ẹ wá fi funfun báláú kún un: kámẹ́rà tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ á rí funfun yẹn, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú yín ló máa jẹ̀yà ẹ̀. Ẹ wá láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀, tàbí láti 4:30 ìrọ̀lẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Tó bá di dandan kó jẹ́ ọ̀sán (ẹ ṣáà mọ ẹbí wa, aago 11 tá a dá, 1 ni wọ́n máa dé), ẹ dúró sábẹ́ fàràńdà, ẹ kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ẹ sún gèlè sẹ́yìn díẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń yà á, ẹ fìka tẹ ojú èèyàn lórí sìkíríìnì, ojú yẹn ló máa fi díwọ̀n.

Ìbéèrè: Èèyàn mẹ́jọ ni wá, ṣé kí gbogbo wa wọ àdìrẹ kan náà?

Ìdáhùn: Ìlú aró la wà, ta ló máa ní kẹ́ ẹ má wọ àdìrẹ? Àmọ́ tí ẹni mẹ́jọ bá wọ ọnà dídí kan náà, tí wọ́n fara mọ́ra, aṣọ á di ògiri, orí mẹ́jọ á kàn wà lórí ẹ̀ téńté. Kí ìyá àti ọmọ kan wọ ọlọ́nà, káwọn tó kù wọ aró lásán tàbí funfun tó jọ wàrà. Ṣẹ́ẹ̀tì onílà tíntìntín, ẹ fi sílé, ìlà ẹ̀ máa ń jó ijó lójú kámẹ́rà. Kẹ́ ẹ sì fọ àdìrẹ tuntun lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kọ́jọ́ náà tó pé, torí aró ẹ̀ ṣì ń yọ. Ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ mọ́ra báyìí, ká tó ya ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti di aró, a wá ń nù ún, ọmọ ń ké, oòrùn ń wọ̀.

Ìbéèrè: Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ dáa, àmọ́ ojúbọ ni o. Ẹ bèèrè lẹ́nu ọ̀nà iye tí ìwọlé àti kámẹ́rà jẹ́, àti ibi tí wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ yà. Ẹ má gbé ọmọ gun àwọn ère tí Susanne Wenger (òun náà la mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà) àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, UNESCO ti kọ igbó yẹn mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú ewé kọjá máa ń sọ awọ ara di àwọ̀ ewé, ìdí tí mo fi máa ń kó yín síbi tó bá là díẹ̀ nìyẹn. Ọ̀bọ ibẹ̀ ò sì bẹ̀rù èèyàn. Ọ̀kan gba bisikíìtì lọ́wọ́ ọmọdé kan níwájú mi, ojú tí bàbá ọmọ ṣe ni fótò tó dáa jù lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọdún mẹ́ta máa ń ké.

Ìdáhùn: Kó sùn, kó jẹun, ẹ gbé aṣọ fótò dání, ẹ má wọ̀ ọ́ fún un láti ilé. Málìtì di ẹ̀yìn fótò. Ẹ má sì sọ fún un pé "bọ̀dá yìí máa gbé ẹ lọ" mọ́, ẹ jọ̀ọ́, kò ní wojú mi mọ́ láyé.

Ìbéèrè: Nínú dígí pọ́dà mi dáa, nínú fótò ojú mi dà bí eérú.

Ìdáhùn: Filáṣì ni. Pọ́dà míì àti ìpara tó ń dènà oòrùn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ padà. Ẹ fi fóònù yà á pẹ̀lú filáṣì nílé kẹ́ ẹ tó jáde.

Ìbéèrè: Màmá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn ò lè dúró pẹ́.

Ìdáhùn: Fótò tí gbogbo ẹbí wà la máa fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè lọ sinmi. Ẹ gbé àga tí wọ́n máa ń jókòó lé nílé wá. Tójú ọ̀run bá ṣú, ẹ má fagi lé e, ìkùukùu máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ lójú èèyàn. Tó bá wá ń kán, ẹ gbé Màmá wọlé, kámẹ́rà tèmi ní báàgì.